Ohun Tí Màmá Ń Gbọ́ Láàárín Tábìlì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ lónìí. Òrùlé ilé ìdáná ń jò níbi tó ti jò lọ́dún tó kọjá gan-an. Ó kéré tán, nǹkan kan nínú ilé yìí kì í yẹ àdéhùn.

A ṣe ìpàdé ẹbí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Àwa mẹ́ta náà ni ẹbí: Màmá; àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn ní ilé ìwòsàn; àti èmi, tí mo gba ìwé ẹ̀rí nínú wíwọn ilẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì gbé ilẹ̀ kankan fún pé kí n wọ̀n. Àbúrò mi ló ṣe alága, torí òun ló níṣẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀tún Màmá ni. Awọ funfun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán. Ti òsì ti lọ tipẹ́: wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò sì ríran mọ́. Dókítà ojú tó wà nílé ìwòsàn báyìí sọ pé àìsàn ti òsì yàtọ̀ sí èyí, pé awọ lásán ni ti ọ̀tún, kí wọ́n tètè yọ ọ́ kó tó le. Ṣùgbọ́n dókítà náà máa kúrò nílùú lópin oṣù Kẹjọ.

Màmá ní, "Ìmọ́lẹ̀ bíńtín tó kù mí kù, ẹ ní kí n gbé e fún àlejò kó fi ọ̀bẹ wá inú ẹ̀ wò."

Àbúrò mi sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́. Màmá mu omi, wọ́n sì gbé ìdájọ́ tiwọn kalẹ̀. "Ìdíje ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé. Tí mo bá gba ife, ẹ ò gbọdọ̀ dárúkọ ọ̀bẹ létí mi mọ́ láéláé. Tí mi ò bá gbà á, ẹ gbé mi lọ, mi ò ní janpata."

"Màmá, ẹ ò mà rí káàdì!"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ á máa bá mi rí i. Kí ló tún ń ṣe?"

Mo lọ gbé garawa sábẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù tó ti fẹ̀yìntì ni ẹgbẹ́ Màmá. Bọ́tìnì aṣọ dípò owó ni wọ́n fi ń ta póókà, eré káàdì wọn, torí Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ọ̀rẹ́ lòún ń wá, òun ò wá ọlọ́pàá. Wọ́n pe èmi àti Màmá lónìí láti ka òfin olùrànlọ́wọ́ fún wa. Màá sọ káàdì méjì tí Màmá fi pamọ́ sí wọn létí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: iye tó wà lójú wọn àti ìdílé wọn, ìyẹn ewé, ọkọ́, ọkàn tàbí dáyámọ́ǹdì. Màá pe káàdì àárín sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́: mẹ́ta lákọ̀ọ́kọ́, ẹyọ kan lẹ́yìn náà, ẹyọ kan tó gbẹ̀yìn. Káàdì márùn-ún yẹn, ti gbogbo ayé ni. Oníkálukú á pa wọ́n pọ̀ mọ́ méjì tirẹ̀, á sì mú márùn-ún tó dáa jù níbẹ̀. Ẹni tó bá gbójú lé tirẹ̀ á ti bọ́tìnì síwájú; ẹni tó bá fẹ́ á fi iye kan náà bá a dé e, ẹni tí kò bá fẹ́ á da káàdì rẹ̀ nù, bọ́tìnì tó ti tì sì lọ nìyẹn. N kò gbọdọ̀ sọ nǹkan mìíràn.

Ẹnìkan béèrè bóyá ikọ́ wà lára nǹkan mìíràn. Wọ́n jíròrò rẹ̀ títí. Ikọ́ ti wọ inú òfin.

Sátidé, ọjọ́ keje

Yàrá tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù àtijọ́ ni wọ́n ti ń ta á. Fáànù kan wà lókè tó ń yí bí ẹni tí wọ́n bẹ̀. Ẹni tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù ni Ọ̀gá Wáyà, tó máa ń gun òpó tẹlifóònù nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, tó sì ń sọ̀rọ̀ títí dòní bí ẹni tó wà lókè òpó.

"Ìyá Ẹ̀lóò!" Orúkọ tí wọ́n ń pe Màmá níbẹ̀ nìyẹn, torí iṣẹ́ wọn ni láti máa dáhùn tẹlifóònù, kí wọ́n sì máa so àwọn tó ń pe ara wọn pọ̀. "Mo ti gun òpó tó ga jù yín lọ o!"

"O gùn ún lóòótọ́, o sì já bọ́. Èmi ni mo pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn fún ẹ."

A jẹ lónìí. N kò mọ bí a ṣe jẹ. Mo kàn ń pe káàdì, bọ́tìnì sì ń bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa bí ewúrẹ́ tó mọ ilé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo bi Màmá bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n ní kí n tẹ́ ẹní, kí n sì gbé káàdì mẹ́ta sílẹ̀ bí ọwọ́ bá ṣe bà wọ́n.

"Ọba ewé. Méje dáyámọ́ǹdì. Méjì ọkàn."

"Kí lo rí?"

"Káàdì mẹ́ta."

"Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún ẹ yẹn, ṣé wọn ò tíì wá gbà á padà? Ṣé àwọn káàdì yẹn mọra?"

Mo wò wọ́n dáadáa. Wọn kò mọra. Wọ́n jókòó bí àwọn mẹ́ta tó bá ara wọn pàdé lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn: oníkálukú àti àìsàn tirẹ̀.

"Ilẹ̀ gbígbẹ nìyẹn," ni Màmá wí. "Kò sí ohun tó máa hù níbẹ̀. Ẹni tó ní nǹkan ti ní in ná. Ẹni tí ò ní, òjò ò lè ràn án lọ́wọ́. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹni tó bá kọ́kọ́ fọhùn ni wọ́n ń gbà gbọ́. Kó òmíràn sílẹ̀."

"Mẹ́sàn-án ọkàn. Mẹ́wàá ọkàn. Jáàkì ewé."

Màmá fa ẹsẹ̀ wọn sẹ́yìn kúrò lórí ẹní, bí ẹni pé omi ti fẹ́ kàn wọ́n. "Àbàtà rèé. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, méjì sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Gbogbo nǹkan ló lè hù níbí. O lè ní éèsì méjì lọ́wọ́, olórí gbogbo káàdì, kó o máa yangàn, kó o sì máa rì."

Ẹ̀kẹta ni mẹ́jọ, mẹ́jọ àti mẹ́ta. Màmá rẹ́rìn-ín. "Ìbejì! Tí ìbejì bá jókòó láàárín, gbogbo ènìyàn á máa ṣe bí ẹni pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ọmọ kẹta wà."

Ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ wa pé kí a bu erùpẹ̀, kí a ta omi sí i, kí a fi ìka yí i, a ó sì mọ̀ bóyá iyanrìn ni tàbí amọ̀. Mo gba máàkì tó dáa nínú rẹ̀. Ìyá mi ń ṣe é láìfọwọ́ kàn án, láìfojú rí i.

"Má bi ara ẹ pé kí lo ní," ni wọ́n fi parí ẹ̀kọ́. "Àárín tábìlì ni kó o bi: ta lo fẹ́ràn?"

Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá

Ohun tí mo rí lónìí, mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé àlá ni.

Mo pe mẹ́jọ, mẹ́jọ, mẹ́ta. Ìbejì gan-an. Kò sí nǹkankan lọ́wọ́ Màmá: Ayaba kan àti mẹ́rin kan, tí wọn kò bá ara wọn tan, tí wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni láàárín tan. Akọ̀wé ti òkìtì bọ́tìnì síwájú. Màmá ti ìlọ́po méjì rẹ̀ síwájú. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Akọ̀wé yọ awò ojú, ó nù ún, ó fi í padà sójú, ó sì da káàdì rẹ̀ nù.

Mo bi Màmá lọ́nà ilé. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ní mẹ́jọ kẹta kì í yára. Á kọ́kọ́ mí sínú, kó má bàa jọ olè. Akọ̀wé ti ti bọ́tìnì kó o tó pe mẹ́ta yẹn tán. Kò wo ilẹ̀ rárá. Ó ti múra irọ́ ẹ̀ wá láti ilé."

Mo di wọ́n lọ́wọ́ mú kọjá títì. Ọkọ̀ ni mo ń wò fún wọn. Ṣùgbọ́n nínú àwa méjèèjì, n kò mọ ẹni tó ń mú ẹnìkejì lọ.

Sátidé, ọjọ́ kọkànlélógún

A pàdánù púpọ̀ lónìí, èmi ni mo sì fà á.

Màmá ń retí Mẹ́wàá. Mẹ́wàá dé. Mo pè é bí ẹni tó rí ìbátan rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Kí n tó pa ẹnu dé, Ọ̀gá Wáyà ti da káàdì rẹ̀ nù, ó sì ń fi eyín rẹ́rìn-ín sí mi. Lẹ́yìn ìyẹn, káàdì burúkú dé. Mo pè é bí ẹni tó ń kéde òkú. Ọ̀gá Wáyà ti bọ́tìnì síwájú.

"Ìyá Ẹ̀lóò, ẹ ṣeun o. Ọmọ tẹ́ ẹ mú wá yìí, rédíò ni! Káàdì yín ń wọlé sí mi létí kedere, kò tiẹ̀ há."

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín, èyí tó burú jù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ẹ̀kọ́ ohùn. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo sì ń pe gbogbo ohun tí ojú mi bá rí láìfi nǹkankan kún un.

"Ìkòkò. Ṣíbí. Àtẹ."

"Àtẹ yẹn ń bínú."

"Àtẹ."

"Ó ṣì ń bínú díẹ̀." Wọ́n sọ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí láyé ìjọ́un fún mi. "Mo ti so ẹni tí ilé ẹ̀ ń jó pọ̀ mọ́ panápaná. Mo ti so ọkọ pọ̀ mọ́ àlè ẹ̀ nígbà tí ìyàwó ẹ̀ ń dúró pé kí n so òun náà pọ̀ mọ́ ọkọ òun. Ohùn kan náà ni: ẹ ní sùúrù, mo ń so yín pọ̀. Etí mi ló ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹnu mi ò sí níbẹ̀."

Mo ń bá a lọ. "Fìtílà. Igbá. Eku."

"Ìyẹn dáa," ni Màmá wí. "Ìyẹn dáa gan-an." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Níbo?" wọ́n sì gun orí àga.

Sátidé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Omi wọ yàrá ẹgbẹ́. Wọn kò ta. Akọ̀wé ń fi ìgbálẹ̀ gbá odò.

Sátidé, ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje

Ohùn mi ti kú pátápátá. Ọ̀gá Wáyà tẹjú mọ́ ẹnu mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò rí nǹkankan mú. A ti wà lára àwọn tó ṣáájú. Inú Màmá dùn débi pé wọ́n kọrin wọ ilé. Àbúrò mi gbọ́ orin náà láti yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Màmá da omi gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, sórí ọwọ́ ara wọn. Wọ́n ní ife ló sún. Àbúrò mi fi oògùn pa á fún wọn láìsọ̀rọ̀. Ó wá jáde sẹ́yìn ilé, ó sì sunkún síbi tó rò pé ẹnikẹ́ni kò lè rí òun.

"Bùrọ̀dá," ó pè mí nígbà tó rí mi, "ẹ máa ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ. Ẹ máa ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n fọ́jú."

Oògùn tí wọ́n ń kán sójú tún gbówó lórí sí i. Òun náà kò sì ṣe ju kó tutù lójú lọ.

Mo fẹ́ kí ìyá mi fìdí rẹmi. Mo kọ ọ́ kí n lè rí bó ṣe rí lórí ìwé. Ó rí bí ọ̀rọ̀ ọmọ burúkú, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé rẹ̀ gún régé.

Sátidé, ọjọ́ kejìlá

Ó rọrùn púpọ̀. Kí n sọ fún wọn létí pé mẹ́sàn-án ni mẹ́fà, ó ti parí. Àwọn ọmọ inú fíìmù máa ń ṣe ohun tó burú ju ìyẹn lọ.

N kò ṣe é. N kò lè pè é ní ìwà rere. Nígbàkúùgbà tí káàdì mẹ́ta bá balẹ̀ láàárín tábìlì, mo máa ń fẹ́ mọ ohun tí Màmá máa gbọ́ níbẹ̀. Ènìyàn kì í ju òkúta sínú odò tó ń wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Sátidé, ọjọ́ kọkàndínlógún

Éèsì méjì! Mo sọ ọ́ sí Màmá létí bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán. Káàdì tó dára jù lọ tí ènìyàn lè fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mẹ́ta balẹ̀: mẹ́sàn-án ọkàn, mẹ́wàá ọkàn, Jáàkì ewé. Àbàtà orí ẹní wa gan-an, kò yí padà rárá.

Akọ̀wé mí sínú. Èmi náà gbọ́ ọ! Lẹ́yìn náà ló ti bọ́tìnì síwájú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ń sùn.

Màmá da éèsì méjèèjì nù.

Inú Akọ̀wé kò dùn rárá. Ó ṣí káàdì tirẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí ohun tí wọ́n fi dù ú: mẹ́jọ àti Ayaba. Mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, Jáàkì, Ayaba: márùn-ún tò bí ọmọ ilé ìwé. À bá ti rì.

"Ta ni ilẹ̀ yẹn fẹ́ràn?" ni Màmá bi mí nínú òjò.

"Kì í ṣe àwa, mà."

"Ó ti ń yé ẹ."

Káàdì mẹ́ta, tí gbogbo wa jọ rí, tí ẹnikẹ́ni kò fi pamọ́. Obìnrin tí kò lè rí wọn nìkan ló rí wọn tán. Àwa ti dé ìparí ìdíje: Màmá àti Ọ̀gá Wáyà.

Sátidé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ

Òjò kò rọ̀. Àbúrò mi tẹ̀lé wa lónìí, ó sì jókòó sí ẹ̀yìn bí ẹni tó wá gbọ́ ìdájọ́. Ife wà lórí fèrèsé. Ẹnìkan ti fi òróró pa á lára.

Wọ́n ta á títí òòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Ọ̀gá Wáyà kò pariwo mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo rí i pé ó sọ̀kalẹ̀ lórí òpó. Bọ́tìnì àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Mo sọ fún Màmá létí: "Éèsì ọkàn. Mẹ́rin ọkàn."

Mo pe àárín: "Ọba ọkàn. Mẹ́sàn-án ọkàn. Mẹ́ta ewé."

Ilẹ̀ tutù. Ọkàn kan péré ló kù kí ọmọ ìyá kan náà márùn-ún pé fún wa. Ọ̀gá Wáyà ti bọ́tìnì. Màmá bá a dé e. Ẹ̀kẹrin: "Méjì ọkọ́." Òfo. Ọ̀gá Wáyà tún ti òmíràn. Màmá tún bá a dé e. Ẹ̀mí kan wà nínú mi tó ń sọ pé, kí òfo tún dé, kí òfo tún dé, kí a máa lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀karùn-ún jáde.

"Mẹ́fà ọkàn," ni mo pè.

Ọkàn márùn-ún, Éèsì ló ṣáájú wọn, kò sì sí ìbejì láàárín. Kò sí káàdì méjì tí ènìyàn lè mú lọ́wọ́ láyé tó lè borí tiwa. Ohùn mi kò mì. Mo mọ̀ ọ́n lára pé òun ni ìpè tó dára jù tí mo ti pè láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi.

Ọ̀gá Wáyà fi ọwọ́ méjèèjì ti gbogbo bọ́tìnì tó kù fún un síwájú. Ó ku kí Màmá sọ pé "mo bá ọ dé e", kí wọ́n gbé ife, kí ọ̀rọ̀ ojú sì parí láéláé.

Màmá yí orí kúrò lọ́dọ̀ tábìlì, wọ́n sì kọjú sí mi, síbi tí ẹnu mi wà gan-an. Fáànù ń yí. Wọ́n fi ìka kan ti káàdì méjèèjì kúrò níwájú wọn, ní ìdojúbolẹ̀.

"Mo fi sílẹ̀. Ife ti di tìẹ, Wáyà."

"Ìyá! Ẹ ṣì ní bọ́tìnì!"

"Fi rán ẹ̀wù."

Wọ́n dìde. Akọ̀wé wá inú òfin, kò rí ibi tó ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó bá dìde. Ṣùgbọ́n ó rí ibi tó ti sọ pé káàdì tí a ti dà nù, a kì í ṣí i. Nítorí náà, nínú gbogbo ayé, èmi àti Màmá nìkan ló mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àbúrò mi rò pé a pàdánù ni. Ó sunkún, ó di mọ́ Ọ̀gá Wáyà, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò mọ ohun tí òun ṣe fún un.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin

Bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn. Àwa mẹ́ta tí kò mọra ló jókòó: Màmá, èmi, àti ọkùnrin kan tó di etí rẹ̀ mú. Àbúrò mi wà nínú, ó ń bá wọn mú fáìlì.

"Mẹ́fà ọkàn yẹn," ni Màmá wí lójijì.

"Mà?"

"O pè é dáadáa."

"Ẹ ṣé, mà."

"Ó dáa jù. Gbogbo ìgbà tó o fi ń ṣe ohùn yẹn, mo ṣì máa ń gbọ́ ẹ nínú ẹ̀, bí ẹni tó wà ní yàrá kejì. Wọ́n lè má gbọ́. Èmi ń gbọ́. Mẹ́fà yẹn, mi ò gbọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ru omi kún dẹ́nu kì í mi ọrùn. Mo wá ní, kí ni ọmọ yìí rù? Ọmọ tí ìyá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife, ṣé bẹ́ẹ̀ ló ń pe káàdì? Mo wá mọ̀ pé ojú mi lo rù."

Ọkùnrin elétí náà ti gbàgbé etí rẹ̀, ó ń fi gbọ́ tiwa.

"Ilẹ̀ tó bá gbẹ tó yẹn," ni Màmá wí, "omi ń bẹ lábẹ́ ẹ̀." Wọ́n wá ọwọ́ mi títí wọ́n fi rí i. "Ẹ̀rù ń bà mí o. Má sọ fún àbúrò ẹ."

Nọ́ọ̀sì pe orúkọ wọn. Ohùn kan náà, tí kò ní nǹkankan nínú. Màmá dìde, wọ́n sì tẹ̀lé ohùn náà wọlé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Wọ́n tú báńdéèjì. Màmá wo fèrèsé. Wọ́n wo ọwọ́ wọn tí omi jó, wọ́n sì ní, "Ṣé ó tó báyìí?" Wọ́n wo àbúrò mi pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n wò mí.

"Ta ló ní kó o dá irùngbọ̀n sí?"

Dókítà rò pé ìrora ló mú kí èmi àti àbúrò mi máa pariwo bẹ́ẹ̀.

Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Òòrùn ràn. Ọ̀gá Wáyà wá kí wa, ó gbé ife dání, ó ní oorun kò kun òun, ìgbà wo ni Ìyá Ẹ̀lóò máa tún un ta. Màmá ní lọ́dún tó ń bọ̀, àti pé àwọn á mú ojú wá.

Lẹ́yìn tó lọ, a tẹ́ ẹní, àwa méjì. Màmá pín káàdì fúnra wọn. Mo gbé méjì tèmi wò: Ọba, Ọba. Mo fi ojú sílẹ̀ bí ògiri. Màmá ṣí mẹ́ta sáàárín: Ọba kan, méje kan, méjì kan. Ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì fẹ́ràn mi dọ́kàn.

Wọn kò tiẹ̀ wo káàdì. Mo dúró dè wọ́n kí wọ́n wò ó. Ojú mi ni wọ́n ń wò, ojú tuntun yẹn kò sì ṣẹ́.

"Áà," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́, "ojú ẹ tún burú ju ohùn ẹ lọ."

Wọ́n sì da káàdì tiwọn nù.